Bí Àpèkẹ́ Ṣe Kó Linux àti Windows Sínú Láptọ́ọ̀pù Kan

Òótọ́ pọ́nbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo fi eyín mẹ́rìnlélógún tó kù sí mi lẹ́nu búra: bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún un, kí gbogbo wọn já sínú ẹ̀kọ òwúrọ̀ mi lọ́la. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, síbẹ̀ kò sí ẹ̀rọ kan láti Ìlaró dé Ìmẹ̀kọ tí kò mọ orúkọ mi. Rédíò tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, bí mo bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àpèkẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tèmi.

Àpèkẹ́ Ọmọ́délé, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ti dolóògbé, lo ọdún mọ́kànlá ní ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, ó ń tẹ ìwé ẹrù fún ajẹ́ńtì kan tó ń gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tẹ Faransé. Nígbà tí ọ́fíìsì náà kógbá sílé, ọ̀gá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ọpẹ́ náà pọ̀ débi pé láptọ́ọ̀pù àlòkù láti Kútọnú ló fi dì í lé e lọ́wọ́, èyí tí kò tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ, tí bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ ti Faransé. Ọdún mọ́kànlá, láptọ́ọ̀pù kan. Ta ló ní àwọn ọ̀gá kì í moore?

Ó padà sí Ìlaró, ó wáṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ilé-ìwé ìjọ kan ní Ayétòrò ní àwọn ń wá olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Rẹ́fúrẹ́ńdì Alfred, ọ̀gá ibẹ̀, ṣàlàyé fún un pé Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, ló wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ni èsì ìdánwò ti ṣeé kọ. Kí ó gbé láptọ́ọ̀pù tó ní méjèèjì wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá ní i, kó má wulẹ̀ wọ mọ́tò.

Ó kọ́kọ́ tọ Dèjì lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde ní polí, tó kọ “Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà” síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dèjì fi ìka méjì gbé láptọ́ọ̀pù náà sókè bí ẹni gbé òkú eku.

“Àǹtí, èyí kò lè gbé ọ̀kan dáadáa, ẹ wá ní kó gbé méjì. Ẹ ra tuntun.”

“Bí mo bá ní owó tuntun lọ́wọ́, ṣé iṣẹ́ ni mo máa máa wá?”

“Ẹ máa gbàdúrà nígbà náà.”

Ìmọ̀ yìí ni wọ́n fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ. Àpèkẹ́ bá wá sọ́dọ̀ mi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gba Linux sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa dára púpọ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ni adìyẹ mi kan sàba; kí ó tó parí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jà sí àgbàdo. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, Àpèkẹ́ kó àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́ sórí fláàṣì kan, ó gé lára àyè Windows fún Linux, ó ki fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ bọ̀ ọ́. Èmi jókòó, mo ń darí. Ìdarí le ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ẹni tí kò ṣe é rí ni kò mọ̀.

Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá kí òun nu Windows kúrò pátápátá, tàbí kí òun jókòó tì í.

“Nù ún,” mo ní. “Ilé tó mọ́ ló dùn ún gbé.”

“Bàbá, bí a bá nù ún, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ẹ wò ni.”

Ó ní kó jókòó tì í. Ẹ̀rọ tún béèrè irú kíbọ́ọ̀dù tó ní. Ọwọ́ Àpèkẹ́ ti wà lórí Faransé kí n tó dá a dúró.

“Èwo ni ti Faransé? Ìlaró la wà. Gẹ̀ẹ́sì ni kí o yàn.”

“Bàbá, àwọn bọ́tìnnì yìí…”

“Èmi àti ìwọ, ta ni àgbà?”

Ọmọ tí a kọ́ ni Àpèkẹ́. Ó yan Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá páásíwọ́ọ̀dù.

Nígbà tí a pa á tí a sì tún tàn án, ìbéèrè kan jáde sójú rẹ̀, bí àwọn tó ń ta okùn dí ọ̀nà: níbo lò ń lọ, Linux àbí Windows? Ó fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti yan èyí tó wù wá, kò sì na ọwọ́ gba nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni.

Windows ṣí. Linux ṣí. Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tẹ orúkọ rẹ̀. “Qpeke” ló jáde.

“Linux kò gbọ́ Yorùbá ni,” mo ṣàlàyé fún un.

Ó lọ yí kíbọ́ọ̀dù padà sí Faransé, orúkọ rẹ̀ sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó pa á tó tún tàn án, páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ jálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́bọ̀ ku ọ̀túnla. Kò sunkún, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni ń wo ibà ọmọ.

Ó wá ní, “Bàbá, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A sí yìí, bí ẹ bá sọ fún ẹ̀rọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, Q ló ń kọ. Àmì róbótó nìkan ló ń hàn nígbà tí mo dá páásíwọ́ọ̀dù, ìdí nìyẹn tí a ò fi rí i.”

Lẹ́tà méjì tíntìntín wà nígun, tó ń sọ èdè kíbọ́ọ̀dù. Ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ ohun tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ó wá yí i padà sí Faransé, ó dá páásíwọ́ọ̀dù mìíràn.

“Mo fẹ́ kí o fúnra rẹ rí i ni,” mo ní.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni Àpèkẹ́ wí, ó sì wo òkè àjà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àúdù awakọ̀ gbé wa dé Ayétòrò, ó tẹ̀ lé wa wọlé kó lè rí iná gba sí fóònù rẹ̀. Ta la bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ́fúrẹ́ńdì Alfred? Dèjì. Òun ni wọ́n háyà láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Àpèkẹ́ ṣí Windows hàn wọ́n, ó ṣí Linux.

“Kò ní pẹ́ kú,” Dèjì ní.

“Ìdánwò gan-an ṣì kù,” Rẹ́fúrẹ́ńdì ní, ó mú wa wọ yàrá kan. Kọ̀ǹpútà méjìlá wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ẹ̀bùn ìjọ kan láti òdìkejì ẹnubodè. “Láti Ọdún Àjíǹde ni wọn kò ti jẹ́ ká wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ránṣẹ́ rèé nínú ìwé yìí. Wọn kò gbà á.”

“Wọ́n ti bàjẹ́, sà,” Dèjì ní. “Mo ti ní kí ẹ ra tuntun.”

Àpèkẹ́ wo bọ́tìnnì, ó wo igun.

“Ta ló yí kíbọ́ọ̀dù wọn sí Gẹ̀ẹ́sì?”

“Èmi ni, lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ayétòrò la wà, Àǹtí. A kì í ṣe Faransé.”

Mo wúkọ́. Eruku pọ̀ ní Ayétòrò lásìkò yẹn.

Àpèkẹ́ yí i padà, ó tẹ ohun tó wà nínú ìwé. Èkíní ṣí. Èkejì ṣí. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, Rẹ́fúrẹ́ńdì ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún. Dèjì rántí pé oníbàárà kan ń dúró de òun.

“Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìyáàfin?”

“Mo ti bẹ̀rẹ̀, sà,” Àpèkẹ́ ní, ó ṣí aṣọ lórí ìkarùn-ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní mò ń bù mọ́ ọn, kó lọ sí gáréèjì Ìlaró, kó béèrè Àúdù, tó ní mọ́tò aláwọ̀ ewé tí ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí. Iná fóònù rẹ̀ kò tíì dé ìdajì nígbà tí èkejìlá ṣí. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó sì máa jẹ́rìí.