Àyè Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin kan fi ń já tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn tó ń lọ sí ìlú etí òkun, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì padà débẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ẹ ò ṣe ní rẹ́rìn-ín? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, á kà á fún yín láìmí: "Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gba iwájú ilé tí wọ́n kun fèrèsé ẹ̀ ní búlúù, ẹ ṣáà máa rìn lọ títí ẹ ó fi máa tọ́ iyọ̀ wò létè yín." Ẹnu àwọn èrò ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á lọ ní Sátidé, wọ́n á dé ní Sọ́ńdè, tó bá sì di àárọ̀ Mọ́ńdè, á rí iyanrìn tó jábọ́ lára bàtà wọn ní kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà á mú ìgbálẹ̀.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ibùdókọ̀ ń pè é. Ojú rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó sì lófin kan tí kò sẹ́ni tó lè mú un yí i padà: "Ẹni tí ò sí nínú ìwé, kò sí nínú mọ́tò." Mọ́tò kan ṣoṣo ló ń lọ sétí òkun lójúmọ́, aago méje àárọ̀ ló ń gbéra, ogójì èèyàn ló sì ń gbà. Tí ogójì bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé àpótí sáàárín ìjókòó, ọmọ tó bá sì ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ jókòó sórí itan ẹnikẹ́ni. Kì í kúkú ṣe ìkà. Ọdún kejì tó débi iṣẹ́ ló ṣàánú bàbá kan, ó ní kó jókòó sórí àpótí. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, apá bàbá náà sì dá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹkún yín kò lè mú un yí ọkàn padà, ì báà jẹ́ ẹkún ẹ̀jẹ̀.

Ìyá tó bí i lọ́mọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Ìlú etí òkun yẹn ni wọ́n ti bí Màmá, ibẹ̀ ló ti gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo pọ̀n, kí ọkọ rẹ̀ tó kó wọn wá sí ìlú tó jẹ́ pé odò tó tóbi jù níbẹ̀, ewúrẹ́ lè fò ó. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́kàn Màmá. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń gbàgbé. Ó di ọ̀nà ilé. Ó wá kan èèyàn. Àkọ́bí Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún, ni Màmá mú ní ọmọ tòun, òun nìkan ló sì ń gbà fún kó wẹ òun. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ńkọ́? Ìyá olóore ló ń pè é.

"Ìyá olóore, ẹ ṣeun oúnjẹ o. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín."

"Màmá, èmi ni. Ọmọ yín ni mí."

"Ẹ kúkú ń ṣe bí ọmọ fún mi lóòótọ́. Ẹ ò ní ṣìṣe."

Kí lẹ fẹ́ kó sọ sí ìyẹn? Á kó abọ́, á wọ kíṣìnnì lọ, á ṣí omi ẹ̀rọ kó máa pariwo, kí wọ́n má baà gbọ́ pé ó ń sunkún. Obìnrin tí gbogbo èrò ń bẹ̀rù ni mò ń sọ yìí o.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó máa ń mú ojú Màmá là: òkun. Ẹ ṣáà ti dárúkọ rẹ̀, Màmá á jókòó dáadáa. "Ohùn ẹ̀ kì í sinmi," ló máa ń sọ. "Ọmọ mi máa ń sá fún ìgbì. Tó bá ti rí i lókèèrè, á ní 'Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!' Àfi kí n dì í lọ́wọ́ mú." Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì á wá gbé àga sún mọ́ ọn, torí òun lọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò kan ti gbà á lọ́kàn. Ó ní tóun àti Màmá bá jọ dúró síwájú òkun yẹn, tí ìgbì dé, tóun sì di ọwọ́ Màmá mú, Màmá á dá òun mọ̀. Bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tó. Dókítà sì ti sọ fún un pé ohun tó kù lọ́kàn Màmá kò ní pẹ́ tán.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa lọ. Lónìí, ọmọ ní ibà. Lọ́la, ilé ọkọ ní ìnáwó. Ṣùgbọ́n ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Ó mú Sátidé àti Sọ́ńdè kan tó bọ́ sásìkò ìsinmi, ó ní gbogbo ilé ló ń lọ.

Ẹ ò bá wá wo ètò! Ẹ̀yìn ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló kọ ọ́ sí. Bàtà rírọ̀ Màmá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, torí afẹ́fẹ́ òkun. Fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ fún oòrùn. Ọwọ́ ọ̀tún nínú mọ́tò ni Màmá máa jókòó sí, torí ọwọ́ òsì ni oòrùn àárọ̀ ń bá wọlé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìjókòó tó wà lórí táyà ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ó pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé tí wọ́n máa sùn sí lórí fóònù. Kò béèrè bẹ́ẹ̀dì. "Tá a bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín," ó ní, "ṣé a máa gbọ́ òkun?"

"Mà," ọkùnrin yẹn dá a lóhùn, "ẹ ò ní gbọ́ nǹkan míì."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú bírò, ó sì kọ "ọ̀dẹ̀dẹ̀" mọ́ ètò rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, aláwàdà sì ni. "Ṣé ìrìn àjò ọjọ́ méjì la fẹ́ lọ," ló ń bi í, "àbí lánlọ́ọ̀dù ti lé wa?" Ṣùgbọ́n òun náà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó kan bẹ́ńṣì kékeré kan tó ṣeé ká, tó fúyẹ́, ìdí ẹni méjì péré ló gbà. Kò sọ ta ló kàn án fún, kò sì sẹ́ni tó bi í. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti fẹ́ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì ń gbé e sídìí jẹun, ó ń gbé e sídìí ka ìwé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo wọn wá yan ìjókòó ní ibùdókọ̀. Ẹ fọkàn sí ibí yìí dáadáa. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, àwọn yòókù tò síwájú rẹ̀ bí èrò. Àbíkẹ́yìn fi ìka kan orí káńtà, ó fi ohùn àgbà sọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà. À ń lọ sétí òkun."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì lejú bó ṣe máa ń lejú sáwọn èrò. "Ẹ mélòó ni?"

"Ẹ kà wá!"

Ló bá fi bírò nà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún: Màmá, ọ̀kan; ọkọ, méjì; àkọ́bí, mẹ́ta; àbíkẹ́yìn tòun ti rọ́bà ẹ̀, mẹ́rin. Ó kọ mẹ́rin. Ó já mẹ́rin. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sílé. Ọ̀bẹ ò kúkú lè mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní Tọ́sìdè, ó já ìjókòó ogójì, èyí tó kẹ́yìn nínú mọ́tò Sátidé, fún obìnrin kan tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀. Ní Fúráìdè, ó lé èèyàn mẹ́fà padà. "Ó ti kún," ló ń sọ fún wọn. Ẹ gbọ́, inú rẹ̀ ń dùn nígbà tó ń sọ ọ́.

Àárọ̀ Sátidé dé. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, ó ń fi ìwé pe èrò wọlé. Ọkọ gbé Màmá gun àtẹ̀gùn, ó gbé e jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, létí fèrèsé. Àwọn ọmọ wọlé. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn.

Ẹlẹ́rìn-ín yẹ ìwé wò. Ó tún un yẹ̀ wò. "Mà," ó rọra sọ, "ẹ ò sí níbí o."

"Báwo? Wò ó dáadáa jàre."

"Mẹ́rin lẹ kọ, mà."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì gba ìwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ka orí nínú mọ́tò. Ogójì pé, kò lé, kò dín. Yéè! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lórí àtẹ̀gùn.

Dẹ́rẹ́bà, ẹni dáadáa, ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Ṣé kì í ṣe Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì wa ni? Àmọ́ bàbá onírùngbọ̀n kan wà níwájú, tí ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ní oṣù tó kọjá tí kò rí àpótí jókòó lé. Kò pariwo. "Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì," ó ní, "ẹni tí ò sí nínú ìwé ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ò bínú. Kí ló fẹ́ bínú sí? Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀. "Wá wọlé. Jẹ́ kí n dúró."

"Ta ló máa gbé Màmá sọ̀kalẹ̀? Ṣé èmi ni mo lè gbé wọn rìn nínú iyanrìn?"

Àkọ́bí náà dìde. "Mọ́mì, mo máa dúró."

"Ta ni Màmá máa gbà fún kó wẹ àwọn?" Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ àbíkẹ́yìn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. "Ẹ máa lọ," ó ní. "Torí Màmá la ṣe ń lọ. Ẹ máa lọ."

Mọ́tò gbéra. Màmá yọjú ní fèrèsé, ó juwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń juwọ́ sí ará àdúgbò. "Ìyá olóore, ó dàbọ̀ o!"

Kò lè lọ sílé. Ilé wo? Ó jókòó sínú ọ́fíìsì lẹ́yìn Ẹlẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti gbàgbé láti fún wọn. Ó ń ronú pé oòrùn á máa pa Màmá. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibi tí kò mọ̀. Láago mọ́kànlá, ó ní wọ́n ti dé. Láago méjìlá, ó ní wọ́n ti kọjá ilé onífèrèsé búlúù. Ẹlẹ́rìn-ín fún un lómi, kò mu ún.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ kí fóònù tó dún. Àkọ́bí ni. Kí ó tó sọ̀rọ̀, nǹkan kan ti ń hó gbùù lẹ́yìn rẹ̀, tó ń lọ, tó ń bọ̀.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ." Ó ti etí kejì pa. "Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lórí bẹ́ńṣì. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó tì wọ́n. Dádì jókòó, Màmá lé wọn dìde. Wọ́n ti gbé báàgì wọn sórí àyè kejì, wọ́n ní ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ohùn Màmá wọlé, ó dún ketekete. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Áà, Ìyá olóore! Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ mọ ibùdókọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ọmọ mi wà níbẹ̀. Òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fáwọn èèyàn. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi níbí, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ òun kọ́. Tèmi ti dàgbà. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí, torí ó fẹ́ràn ibí bó ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbàyè sílẹ̀ fún un. Ẹ ní kó máa bọ̀, mo máa dì í lọ́wọ́ mú."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì fi ọwọ́ bo ẹnu. Omijé ti gba ojú rẹ̀ kan, kò sì sí omi ẹ̀rọ tó lè ṣí.

"Ṣé ẹ ò ní gbàgbé?" Màmá tún béèrè.

"Mi ò ní gbàgbé, Màmá. Mo máa sọ fún un."

Ó gbé fóònù sápò. Ó dìde, ó jáde, ó yípo ọ́fíìsì, ó lọ dúró síta níwájú fèrèsé, níbi táwọn èrò ń dúró sí. Kò dúró níbẹ̀ rí. Ó rí i pé fèrèsé náà ga ju bóun ṣe rò lọ.

"Ṣé àyè ṣì wà nínú mọ́tò ọ̀la?"

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó, kò rẹ́rìn-ín. "Ó ku méjì. Ṣùgbọ́n mà, aago mọ́kànlá lẹ máa tó débẹ̀, aago mẹ́rin ni wọ́n sì ń padà. Wákàtí márùn-ún péré nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mélòó ni?"

"Ẹnì kan."

Ẹlẹ́rìn-ín fi bírò nà sí i, ó kà á, ó ṣí ìwé. "Kí ni kí n kọ, mà? Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o," ó ní, ó ń fi fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ nu ojú. "Kọ Ọmọ Màmá."