Fàdákà Tán, Orúkọ Kù

Bàbá ará Bùkhárà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Veddel, ní Hamburg, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn owó yìí fún mi. Mo rántí pé òjò ń rọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Schicht, iṣẹ́ àṣegbà, dé láti èbúté, bàbá bu tíì fún mi, ó sì tú aṣọ kékeré kan. Owó ẹyọ ilẹ̀ wọn láéláé ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní nígbà tí àwọn ọba Sámánì tó jọba ní Bùkhárà láyé àtijọ́ gbilẹ̀, ojúlówó fàdákà ni wọ́n fi ń rọ ọ́, àwọn oníṣòwò sì ń gbé e dé etí òkun ìhà ibí. Nígbà tí ìjọba wọn ń wó lọ, bàbà ni wọ́n ń rọ, wọ́n kàn ń fi fàdákà pa á lára. "Ṣùgbọ́n wo orúkọ ọba àti ti bàbá rẹ̀. Wọn ò yọ ìkankan."

Ó wá bi mí pé kí ni ìyá mi fi ń kì mí. Níbi iṣẹ́, "Kollege", ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, ni mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Jenfeld, "Brother". Mo sọ oríkì mi fún un, ó sì ń pè é láràárọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Berlin, fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Bàbá ní àfi bí ọmọ náà bá gba owó náà, òun kò ní sùn nílé ẹni tí kò fẹ́ mọ ìran òun. Èmi ni mo sìn ín lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èmi géndé tó ń gbé ẹrù bí ẹni gbé òwú, mo ń bẹ Ọlọ́run kí obìnrin náà kọ̀ ọ́, kí Bàbá lè bá mi padà.

"Kí ló dé tí o fajúro?"

"Ebi ni, Bàbá."

"Ìwọ tí o jẹ búrẹ́dì tèmi mọ́ tìrẹ?"

Obìnrin náà gbé owó sí ìmọ́lẹ̀. "Papa, bàbà lásán ni."

"Mo mọ̀. Ka orúkọ yẹn."

Lẹ́tà Lárúbáwá ni, kò lè kà á. Bàbá di ìka rẹ̀ mú, ó ń fà á lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é fún un. Nígbà tó yá, obìnrin náà pa ọwọ́ mọ́ owó náà, kò sì dá a padà.

Èmi nìkan ni mo padà sí Hamburg. Bàbá ń pè mí lórí fóònù, oríkì mi ló fi ń bẹ̀rẹ̀, títí fóònù náà kò fi dún mọ́. Àwọn àgbà wa ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọn ò sọ ohun tí orúkọ ń dà bí kò bá sí ẹni tí yóò pè é. Mo ti bímọ báyìí, "Papa" ni èmi náà. Láàárọ̀ mìíràn, bí mo bá ń mu tíì, mo máa ń fi oríkì mi ki ara mi. Ìwọ tí o ń gbọ́ mi yìí, ta ló kì ọ́ láàárọ̀ òní?