Òfin Tí Mọrẹ́nikẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Òórùn bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbígbóná nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà láti lọ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì jáde. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gba fúláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò, bébà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, omi ti lé sí mi lójú. Tèmítọ́pẹ́ rò pé ooru ló ń mú mi, ó lọ ra omi tútù wá.

Nígbà tí a délé, ó fẹ́ ki fúláàṣì kan náà bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bi í bóyá ó ní antifáírọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

"Àǹtí, mi ò nílò ìyẹn jàre. Mi ò kì í lọ sí ìkànnì burúkú, mi ò kì í tẹ nǹkan tí kò dá mi lójú. Téèyàn bá ti ń ṣọ́ra tó bá ń bráwúsì, kò sí nǹkan tó máa ṣe kọ̀ǹpútà ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ Bàámi gan-an nìyẹn. Tèmítọ́pẹ́ ṣì ń rá kòrò nígbà tí Bàámi ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nílé wa fún yín.

Ilé olójúkojú ni ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín wọn tó máa ń rùn fún kẹrosíìnì àti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló kọ́ ọ. Àwo tánganran ló ń tà ní Mushin láti ìgbà tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwo yẹn ló sì di búlọ́ọ̀kù. Bàámi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì láéláé, ẹni tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wúkọ́ ní iwájú ilé, àwọn ọmọ tó ń jà ní ẹ̀yìnkùlé á fi ara wọn sílẹ̀. Màámi ń ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́ nílé.

Yàrá tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì ni Mọrẹ́nikẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ayálégbé wa sì ni. Èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà yẹn, agbòòrùn kan la jọ ń lò lọ sí ilé ìwé, ẹni tí kíláàsì rẹ̀ bá kọ́kọ́ parí á dúró de èkejì lẹ́nu géètì. Ó ní èjí tó gbòòrò, ìwé kíkọ rẹ̀ sì gún régé débi pé àwọn tíṣà máa ń ní kó wá bá wọn kọ nǹkan sí ojú pátákó. Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, kì í sì í fi pamọ́.

Ní ọdún tí Bàámi fẹ̀yìn tì ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, èyí tí ikùn rẹ̀ yọ sẹ́yìn bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ ò lè mọ irú ọ̀wọ̀ tí a fún nǹkan náà. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ rán aṣọ olétí léèsì fún un, wọ́n á fi bò ó bí wọ́n bá ti lò ó tán. A ò gbọdọ̀ wọ bàtà dé ibẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń kí i "ẹ kú iṣẹ́ o" tó bá ń kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò gbọ́.

Nígbà tí Bàámi wá ra módẹ́mù kékeré tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣe òfin. Wọ́n pe Mọrẹ́nikẹ́, wọ́n ní kó fi ìwé kíkọ rẹ̀ tó dára yẹn kọ òfin náà sí kádíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì kan án mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà. Mo ṣì rántí bí Mọrẹ́nikẹ́ ṣe yọ ahọ́n síta díẹ̀ tó ń kọ ọ́, tó ń fi rúlà fa ìlà. Èyí àkọ́kọ́ ni pé: Má ṣe ṣí ohunkóhun tí ẹni tí o kò mọ̀ bá fi ránṣẹ́ sí ọ. Òmíràn ní kí a má lọ sí ìkànnì tí a ò lè mú ìyá wa lọ. Òmíràn ní kí a má gba ẹ̀bùn tí a ò tọrọ. Bàámi kà á sókè, wọ́n ní Mọrẹ́nikẹ́ káre, wọ́n fún un ní bisikíìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Tèmítọ́pẹ́, ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Nígbà tó wá kí wa, ó gba Bàámi níyànjú pé kí wọ́n fi antifáírọ́ọ̀sì sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàámi wọra. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo rò pé mò ń rìn kiri ibi tí wọ́n ti ń kó àrùn?" Lójú tiwọn, ìwà ni gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọmọlúwàbí kò lè kó fáírọ́ọ̀sì, èyí tó bá kó o, ẹni tó ń lò ó ló ti hùwà kan. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Bàámi ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe gan-an ni ìtàn Ìyá Àgbà. Lọ́sàn-án, tí iná bá wà, Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, á máa sọ ìgbésí ayé rẹ̀, Bàámi á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kí Bàámi tó rí lẹ́tà kan, Ìyá Àgbà á ti sùn. Wọ́n á jí i, á bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ máa ń jókòó sílẹ̀, a máa ń gbọ́ nípa odò tí wọ́n ti ń pọnmi, nípa lọ́rì tó gbé e wá sí Èkó, nípa àwọn ọmọ mẹ́ta tó bí tó sì sin kó tó bí Bàámi. Ó dá orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Bàámi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọn kì í dá orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀." Bàámi kọ ọ́ síbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló sì wà.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà kú, wẹ́rẹ́, lórí àga kan náà.

Bàámi fúnra wọn ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n fi sí inú fúláàṣì, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀la rẹ̀ ni ìsìnkú. Ẹ̀yin náà mọ bí ìwé ètò ìsìnkú ṣe ń rí nílé wa. Bí mo ṣe gbé èyí tí wọ́n tẹ̀ wò délé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, orúkọ ẹnì kan ò sí láàárín àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀, ẹnì kan ní wọ́n fi àbúrò ṣáájú òun. Bàámi á ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà wa, wọ́n á tún un ṣe, èmi á tún gbé e padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bọ̀. Inú mi ń dùn pé wọ́n fi iṣẹ́ ńlá lé mi lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Mọrẹ́nikẹ́ tọrọ àyè láti fi kọ̀ǹpútà wo èsì ìdánwò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó ṣe. Òun ò tíì lò ó rí. Mo jókòó tì í. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló ṣí. Nǹkan aláwọ̀ mèremère kan yọ lójijì, ó ní ó ti jẹ ẹ̀bùn. Mọrẹ́nikẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá, ó gbójú sókè wo kádíbọ́ọ̀dù, ó ka òfin ẹ̀bùn sókè bí ẹni ń ka Bíbélì, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó pa nǹkan náà dé. Ó yege nínú ìdánwò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Bàámi ṣí ìtàn Ìyá Àgbà láti kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́, àmì játijàti ló kún ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rí Bàámi kí wọ́n sunkún nígbà ìsìnkú. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i.

Wọ́n bi mí ta ló dé ibẹ̀. Mo ní Mọrẹ́nikẹ́. Wọ́n ní ṣé nǹkan kankan yọ nígbà tó ń lò ó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, nǹkan kan yọ, wọ́n ní ó jẹ ẹ̀bùn." Ó yẹ kí n sọ pé kò fọwọ́ kàn án. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Bàámi ti dìde, ẹ̀rù ojú wọn bà mí, mi ò parí ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo ayálégbé, Bàámi sọ fún aránṣọ pé ọmọ rẹ̀ ti lọ ibi tí kò yẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó na ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i. Mọrẹ́nikẹ́ ò pariwo. Èmi ló ń wò, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì la gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà kan ní Yaba, èmi ni mo gbé fúláàṣì dání. Ọkùnrin náà ki fúláàṣì bọ ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà figbe ta. Ó wo kọ̀ǹpútà wa títí. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbé e wọlé o. Fúláàṣì yìí ni. Ibi tí wọ́n ti tẹ̀wé ló ti kó o. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló wọlé, ọjọ́ ẹ̀ rèé." Ó ní ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ó ní antifáírọ́ọ̀sì lásán ì bá ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rìn dé Jíbówú. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn, kó dúró síbẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ó dúró síbẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, aránṣọ kó ẹrù rẹ̀, wọ́n ní Mushin ni wọ́n ń lọ. Mọrẹ́nikẹ́ gbé agbòòrùn wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Nígbà tí mo gbójú gbóyà lọ wá wọn ní Mushin lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà.

Bàámi ò tún ìtàn náà kọ. Nínú orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, wọ́n rántí méjì. Ẹ̀kẹta ti lọ. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "O ò gbúròó ọmọ yẹn?" Mo ní rárá. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ilé yẹn ti di ilé alájà mẹ́ta báyìí, ẹlòmíràn ló ni ín. Fúláàṣì òde òní tinrin ju èékánná lọ, kọ̀ǹpútà Tèmítọ́pẹ́ sì fúyẹ́ ju Bíbélì Bàámi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ojú Ẹlẹ́gbà tí a ń gbà lọ tẹ̀wé kò yí padà, ìgbàgbọ́ pé ẹni tó mọ́ kò lè kó nǹkan kò yí padà. Nítorí kí n lè sinmi, Tèmítọ́pẹ́ fi antifáírọ́ọ̀sì sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kó tó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Ó bá fáírọ́ọ̀sì méjì nínú fúláàṣì náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwé ètò ìsìnkú nìkan ló kù lára Ìyá Àgbà. Ìgbésí ayé rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́jọ. Lójú ìwé kejì, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ka Ẹ̀kọ́ Kejì: Mọrẹ́nikẹ́.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo rí àwòrán obìnrin kan lórí ìkànnì ọ̀rẹ́ kan nínú fóònù mi, ó dúró láàárín àwọn tíṣà kan. Èjí yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Orúkọ ìdílé ti yí, ṣùgbọ́n Mọrẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí i. Mo sọ ohun tí oníkọ̀ǹpútà Yaba wí, mo parí ọ̀rọ̀ tí mi ò parí lọ́jọ́ náà, mo ya àwòrán ojú ìwé kejì yẹn, mo so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí mo fi í ránṣẹ́ tán ni mo rántí pé orúkọ ọkọ mi ni mo ń jẹ́ níbẹ̀, àwòrán òdòdó ni mo sì fi síbẹ̀ dípò ojú mi. Mo ti yọ òdòdó náà, mo ti fi ojú mi sí i. Ogún ọdún ti kọjá lórí ojú náà.

Àràárọ̀ ni mo ń wò ó. Kò tíì ṣí i. Kò ní ṣí i. Lójú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí i, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin yẹn.