Orúkọ Bàbá Àgbà Lórí Bíìlì Iná

Òórùn kòkó tí a sá sójú ilé ló máa ń wọlé bá mi nídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹbí wa ni mo fi ṣe ọ́fíìsì: tábìlì kan, bátìrì tó ń gba agbára oòrùn, àti áńtẹ́nà tí mo dán wò ní igun mẹ́ta kó tó gbé nẹ́tíwọ̀kì dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Nígbà tí mo gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù ń fún irú àwa bẹ́ẹ̀ ní físà, ká wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ká sì máa bá iṣẹ́ wa lọ, mo ka gbogbo òfin rẹ̀ tán, títí kan ìwọ̀n etí fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ará Adó ń pè mí béèrè.

Ẹ̀rí ibi tí mo ń gbé nìkan ni mi ò kà sí. Àwọn bíìlì iná wa wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, a gún wọn léra wọn títí wọ́n fi nípọn bí ìwé orin ìsìn. Mo yọ èyí tó wà lókè, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n fèsì pé orúkọ orí rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Kí onílé kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ń gbé, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò pa fáìlì mi dé.

Bàbá tó bí bàbá mi ni onílé náà. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Kò sẹ́ni tó ronú rí nílé wa pé ká yí orúkọ yẹn padà.

Mo tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun làgbà ilé. Ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó. Mo ní mo fẹ́ kí bíìlì máa jẹ́ orúkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Ṣé ulé lo fẹ́ gbà ni?"

"Rárá o, Màmá, kì í ṣe ilé! Físà ni."

"Físà wo ló ń béèrè iná? Ṣé wọn ò níná lọ́hùn-ún ni?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ó mí kanlẹ̀. "Bí bíìlì bá ti dé, tí mo rí orúkọ bàbá mi, mo máa ń kí i pé, Bàbá, ẹ kú ilé. Ìwọ tó ń lọ yìí, bí mo bá rí orúkọ tìẹ, ta ni n ó kí?"

Ojú tì mí. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ físà náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Dìde, kóòtù kì í dúró de ọ̀lẹ." Ó búra níbẹ̀ pé òun lọmọ onílé, pé onílé ti kú, pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Akọ̀wé bi í pé láti ìgbà wo ni mo ti ń gbé ilé náà.

"Láti inú ìyá rẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀.

Mo fi ìwé ìbúra náà ránṣẹ́ dípò ìwé onílé, físà sì jáde. Bíìlì iná àkọ́kọ́ tí mo gbà níbí, ní Yúróòpù, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, wọn ò ṣì í kọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kú ilé." Ohùn mi nìkan ni mo gbọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ohun tí Màmá ń dáàbò bò kì í ṣe ilé, bí kò ṣe ẹni tí a ó bá nílé. Mo pè é.

"Màmá, ṣé bíìlì ti dé?"

"Ó ti dé. Mo ti bá ọ kí i."