Iná Tí Ìyá Àgbà Gbé Wá sí Gáà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, ọkọ mi wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú.

Gáà, àdúgbò ẹ̀bá ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́, ni wọ́n ti bí wa. Kí àwọn Faransé tó dé, igbó ni ibẹ̀. Ara òkè ni àwọn èèyàn wa ń gbé. Lọ́dọọdún, kí a tó jẹ iṣu tuntun, ẹnì kan láti ilé wa máa ń sọ bí àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ tí mo padà wálé, àwọn àgbà ní kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lójú gbogbo wọn, ó ní obìnrin tó ń lọ sílé ọkọ kò ní ìtàn ilé kankan láti sọ, kí n lọ máa kọ́ ọmọdé ní a, b, d. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Láti ìgbà náà ló ti ń sọ ọ́. Nínú tirẹ̀, ọ̀rẹ́ òyìnbó ni bàbá àgbà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun ló sì dá iná tí gbogbo ilé wá fọnná níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kà á sí mi létí.

Irọ́ ni. Èmi àti òun la jọ jókòó ti ìyá àgbà nígbà tó sọ ọ́ fún wa. Àwọn Faransé fi okùn so bàbá àgbà mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn, wọ́n fà wọ́n lọ fọ́ òkúta ojú irin. Ìyá àgbà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó fi ìkòkò gbé ẹ̀yinná sọ̀ kalẹ̀, ó sì se iṣu sábẹ́ igi. Bí àwọn ìyàwó mìíràn ti ń dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọnná. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí àlejò bá fọnná lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ni ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Ọkùnrin wo ló ń fún aládùúgbò níná? Gbogbo obìnrin tó ń tẹ́tí sí ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀, kò sí èyí tó lanu.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ bí iṣu ti ń jáde. Bí ó bá kú, ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà lọ nìyẹn. Mo lọ bá a lọ́wọ́ òfo, mo sì bi í lójú àwọn ọmọ rẹ̀ pé ta ló gbé iná wá sí Gáà.

Ó kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé ìyá àgbà ni. Ó ní níléèwé ni wọ́n ti ń pe òun ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n nítorí bàbá àgbà, òun kò sì rí bí òun ṣe lè sọ ti iná kí òun má sọ ti okùn. Mi ò sọ fún un pé mo dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó rán àkọ́bí rẹ̀ sí àwọn àgbà pé èmi ni n ó sọ ìtàn náà lọ́jọ́ iṣu.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó pè mí padà.

“Àbúrò, sọ̀rọ̀ sókè o, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ohùn rẹ kì í ròkè, àfi tí o bá ń bú mi.”