Ọjọ́ Tí Èmi àti Ìyá Mi Tú Láptọ́ọ̀pù

Ìpàdé àwọn olùkọ́ ni a wà lọ́jọ́ náà, ní ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì ní Ọ̀kà Àkókó. Ọ̀gá wa ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí láti nǹkan bí wákàtí kan, èmi ni mo sì ń tẹ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí láptọ́ọ̀pù mi ṣe gbóná tán, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ọ̀gá dákẹ́, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Ta ló tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án gangan?" Kí n tó lè dáhùn, láptọ́ọ̀pù náà kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí tí mo ti tẹ̀ bá a lọ, nítorí mi ò tíì tọ́jú rẹ̀. Olùkọ́ Ìṣirò tó jókòó tì mí rọra sọ sí mi létí pé ẹ̀rọ yẹn ní làákàyè ju gbogbo wa lọ.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìbéèrè ìdánwò kíláàsì mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, mo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán kó tó di ọjọ́ Ajé. Láptọ́ọ̀pù náà kì í lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́ kó tó kú. Mo gbé e sórí tábìlì, kò gbọ́. Mo fi ìwé méjì gbé e sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, kò gbọ́. Mo gbé ike omi dídì sí abẹ́ rẹ̀, omi náà yọ́, ó sì ṣàn lọ bá ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé wọn fún wọn. Mo kàn fún gbogbo wọn ní máàkì tó dáa.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà bí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti bó láṣọ ló kún gbogbo ilẹ̀: òmíràn kò ní ojú mọ́, òmíràn kò ní ìfun. Ó tẹ́tí sí tèmi díẹ̀, ó ní eruku ló há a lọ́fun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá ó lè gbọn eruku náà jáde kí n jókòó dè é. Ó ní rárá, kí n fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ wò mí tàánú-tàánú. "Àǹtí," ó ní, "ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo? Ìgbà tí mo lóyún ọmọ yìí ni mo gbé tèmi wá." Ọmọ tó ń tọ́ka sí wọ aṣọ ilé-ìwé, ó sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní iṣẹ́ tó dáa kò fẹ́ ìkánjú.

Mo dá láptọ́ọ̀pù mi padà sínú àpò, mo wọ mọ́tò, a gba Àkùngbá padà sí Ọ̀kà. Nínú mọ́tò ni mo ti pinnu pé màá tú u fúnra mi. Ẹni tó ti la inú ọ̀pọ̀lọ́ níwájú ogójì ọmọ kò yẹ kó bẹ̀rù láptọ́ọ̀pù.

Ìyá mi ló wà nílé. Aránṣọ ni wọ́n. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ránṣọ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kí ojú wọn tó di èyí tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n rán ọwọ́ méjèèjì aṣọ ọkùnrin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, àwa ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́, a bá wọn ti ṣọ́ọ̀bù, a sì kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. A pè é ní ìsinmi. Àwọn pè é ní ẹ̀wọ̀n. Láàárín oṣù mẹ́rin, wọ́n ti bá adìẹ ilé kejì jà, wọ́n ti sọ fún pásítọ̀ wa pé ìwàásù rẹ̀ ní ìdí ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀, wọ́n sì ti wí fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ẹni tó rán aṣọ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò fẹ́ràn mi. Máṣíìnì wọn wà ní igun pálọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, wọ́n á fún un ní epo, wọ́n á tún fi aṣọ bò ó. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi rán.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ìjẹun ní Sátidé ọjọ́ kejì. Mo ti yá síkúrùdíráfà lọ́wọ́ olùkọ́ Físíìsì. Mo ti rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin Íńdíà kan ti ń tú irú láptọ́ọ̀pù mi gẹ́lẹ́. Ó ní kí a pa á, kí a yọ ṣájà, lẹ́yìn náà kí a fọwọ́ kan irin, kí iná inú ara wa má baà ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Mo dìde, mo lọ fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé.

Ìyá mi gbójú sókè. "Kí lo lọ fọwọ́ kàn níbẹ̀ yẹn?"

"Irin ni, Màámi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan irin kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin inú fóònù."

"Ìwọ, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Nítorí kọ̀ǹpútà, o ti ń bá Ògún mulẹ̀."

Mo ní kì í ṣe Ògún, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Wọ́n ní orúkọ tó bá wù mí ni kí n pè é.

Síkúrù mẹ́wàá ló wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù náà. Mo tú mẹ́rin, mo dà wọ́n sínú àwo ọbẹ̀ kan. Mo gbọ́ tí ìyá mi gbé ike epo wọn kalẹ̀, wọ́n sì wá dúró sẹ́yìn mi.

"Ṣé bákan náà ni gbogbo wọn gùn?"

Mo wò wọ́n. Méjì gùn, méjì kúrú.

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá?"

Mo tún wo inú àwo ọbẹ̀ náà.

"Tísà," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí tí mo bá hùwà òmùgọ̀, "sún sẹ́yìn."

Wọ́n mú páálí bisikíìtì kan, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lé e, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ilà yí i ká bí ẹni tó fẹ́ gé búláòsì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò sí ibi tí síkúrù kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ náà wò bí ihò mẹ́rin tó ti ṣófo ṣe jìn tó, wọ́n sì ki mẹ́rin inú àwo bọ ààyè wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tú ọ̀kan, wọ́n á gbà á, wọ́n á fi ìka wá ihò rẹ̀ lára páálí, wọ́n á sì kì í bọ̀ ọ́. Ojú wọn kò rí síkúrù náà dáadáa, ṣùgbọ́n ìka wọn kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mò ń wo ìka náà, ó sì wá sí mi lọ́kàn pé fún oṣù mẹ́rin, ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí wọ́n máa ṣe nílé mi ni pé kí wọ́n jókòó. Ojú tì mí díẹ̀.

Ìdérí láptọ́ọ̀pù náà kò fẹ́ ṣí. Mo fi káàdì báńkì àtijọ́ kan yí etí rẹ̀ ká, ó ń dún pá, pá. Ìyá mi ní àwọn kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fọ́lé lọ́sàn-án báyìí rí. Nígbà tó ṣí tán, àwa méjèèjì tẹ orí ba láti wo inú rẹ̀.

Mo rò pé mo mọ eruku. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀kà nígbà ọyẹ́ á ti jẹ ẹ́, á ti mu ún, á ti sùn sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti kúrò ní eruku, ó ti hun ara rẹ̀. Ìyá mi ṣí etí kan rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì ra á wò.

"Àrán nìyí," ni wọ́n wí. "Ó tó fìlà ọmọdé."

A rí èèpo ẹ̀pà níbẹ̀. A rí èékánná, mo sì dákẹ́ lórí ìyẹn nítorí tèmi ni. A rí ìrù ọmọńlé kan, ṣùgbọ́n a kò rí ọmọńlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí ẹ̀rù bá ba ọmọńlé, ó lè já ìrù rẹ̀ sílẹ̀ kó sá lọ. Wọ́n ní ó jọ pé ọmọńlé náà ti wà ní ìpàdé àwa olùkọ́ rí.

Ẹ̀gbẹ́ fáànù ni mo ti rí ohun tí kò yé mi. Eruku tó wà níbẹ̀ kò gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ irin, ó ń dán, ó sì pọ́n díẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀.

"Màámi, ta ló da òróró sínú láptọ́ọ̀pù mi?"

"Òróró wo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí."

Wọ́n yíjú sí máṣíìnì wọn, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbá ibi tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀.

"Mi ò dà á. Mo fi yàn án ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ti gbọ́ tí mò ń bú láptọ́ọ̀pù náà nínú yàrá. Nígbà tí mo lọ sí ilé-ìwé, wọ́n mú ìgò òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá ihò tí ooru ti ń jáde, wọ́n sì ta á síbẹ̀. Wọ́n ní kí ohunkóhun tó ń jó nínú rẹ̀ jáde.

"Ojú fáànù lẹ ta á sí," ni mo wí.

"Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀." Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi ń fún máṣíìnì ní epo kó má baà ké. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí kì í mu epo?"

Mo ti fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n mo rántí pé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, èmi ti gbá láptọ́ọ̀pù náà lábàrá lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú àwa méjèèjì, àwọn ló fi ìwà bá a lò. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n kọ́kọ́ dijú, lẹ́yìn náà àwọn náà rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi ní láti jókòó.

Mo yọ okùn bátìrì, mo sì fi iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì máṣíìnì gbá eruku tó gbẹ. Wọ́n fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu òróró. Irin kan wà tó dà bí ìyarun, ibẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde, ó sì ti dí pátápátá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sùúrù-sùúrù, bí ìgbà tí wọ́n ń tú irun mi ní kékeré, àmọ́ wọn kò lù mí lórí lọ́tẹ̀ yìí.

A dá gbogbo síkúrù padà láti ara páálí, kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò bàbá mi tí mi ò ní níbòmíràn. Mo jókòó.

"Tú u padà," ni ìyá mi wí.

"Màámi, ó ti kú."

"Tí aṣọ kò bá gba ọrùn, a kì í sunkún lé e. Títú la máa ń tú u. Tú u."

A tún tú u. Okùn bátìrì tí mo yọ ṣì wà níta, ó ń wò mí. Mo kì í bọ ibi tó yẹ, mo tẹ bọ́tìnnì, iná sì tàn. A tẹ́ etí sílẹ̀. Ìyá mi bi mí bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ìbéèrè ìdánwò títí di ìrọ̀lẹ́, kò kú lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde wá, ìyá mi dìde. Mo tẹ orí mi ba. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọmọ àwọn ń kú lọ, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní Ìkàrẹ́ kò rí i ṣe, pé àwọn ta òróró sí i, àti pé lónìí ó ti jí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọn kò dárúkọ abẹ́rẹ́, wọn kò dárúkọ sípírítì. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo ní, "Màámi, òróró yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Wọ́n bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ yunifásítì kan láti Àkùngbá tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá. Ọ̀mọ̀wé gidi ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ní kí ìyá mi bá òun ta òróró díẹ̀ sí i.

"Gbé e sórí tábìlì," ni wọ́n wí, "kí o sì lọ bá mi wá páálí."

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, láti Ìkun, láti Ùgbè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ní báyìí, láti òwúrọ̀ ni ìyá mi ti máa ń jókòó sídìí iṣẹ́, wọ́n á máa bú àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí àyè mọ́ lórí tábìlì wa. Orí itan la ti ń jẹun.