Ẹ̀rù Tí Mo Dà Sí Ọmọ Ọlọ́mọ Lára

Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Ìlá láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní eré ìdárayá. Géèmù Másítà ni wọ́n ń pè mí. Ṣòkòtò péńpé mi funfun báláú, fèrè ń jó lọ́rùn mi, mo sì gbà pé ohun tí igbe kò bá lè kọ́ ọmọ, kò sí ohun tó lè kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Kí ni mo mọ̀?

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ àgbẹ̀ olóbì. Bó bá sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín ló máa ń rín. Òun ni mo gbójú lé nígbà tí a lọ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn díje ní Ọ̀tan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa sọ fún mi pé ojú òun wà lára mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yára gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti nàka sí i: "Tó o bá pàdánù, má bá wa wọ mọ́tò padà. Kó o fẹsẹ̀ rìn délé."

"Mo gbọ́, sà."

Kò rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Mo rí i. Mo rò pé ìtara ni.

Ó ṣíwájú ní ìyípo àkọ́kọ́. Ní ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí odó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹyìn ló ṣe. Mo pè é ní ọ̀lẹ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Lóòótọ́, n kò fi í sílẹ̀ sí Ọ̀tan, ṣùgbọ́n kò bá wa sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo wọ yunifásítì. Olùkọ́ wa kan máa ń gún wa níka gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré sísá. Ó ní bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara á da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Oje náà á mú kí iṣan máa yára jó ṣúgà inú rẹ̀, ohun tó ń ṣẹ́kù lára ṣúgà tí iṣan bá jó, tí wọ́n ń pè ní lákítéètì, á sì kún inú ẹ̀jẹ̀ ju bí eré náà fúnra rẹ̀ ṣe yẹ kó fà lọ. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà," ló wí, "ti ń ná agbára rẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè." Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò lè kọ.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlá láti bẹ ọmọbìnrin náà. Ó ti lọ́kọ. Ó ń bó obì pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti kúnlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mo dójú tì yín ní Ọ̀tan. N ò mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà."

Èmi mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ń wò mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú sì tì mí láti tú àṣírí ara mi níwájú rẹ̀.

"Ó ti tán," ni mo wí. "Mo ti dárí jì ẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N ò padà lọ mọ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Àìmọye ọmọ ni mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù àti ẹ̀jẹ̀ yìí fún, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó tọ́ sí kò gbọ́ ọ. Bó bá ṣì wà láyé, yóò ṣì máa rò pé òun ló jẹ̀bi.